Bẹ́ẹ̀dì Guro Kò Kọjá Ààlà

Ní Dàkótà wa níbí, ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni nílẹ̀, bí èèyàn bá ti lè kọ́lé sórí ẹ̀, kó dáko, kó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀fẹ́ tó ń pààyàn ni. Ibà pa ọkọ Guro Tveit lọ́dún àkọ́kọ́. A ní kí opó náà padà sí Nọ́wè tí gbogbo wa ti wá. Ó ní ta ló fi ilẹ̀ sílẹ̀ de òun níbẹ̀?

Òun àti Marit, ọmọge tí ilẹ̀ wọn jọ pààlà, wá dá ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ń dá lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gé ilẹ̀ tòun ti koríko orí ẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì kọ́ ilé kan ṣoṣo lé orí ààlà. Bẹ́ẹ̀dì kálukú wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Marit ni ààrò irin bọ́ sí.

Igi ò sí ní pápá yìí. Koríko gbígbẹ la ń lọ́ bí okùn, òun la fi ń dáná. Nígbà tí ìjì yìnyín ńlá dé, koríko wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ògiri ọ̀dọ̀ Guro sì funfun fún yìnyín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ni Marit wí. "Àbí ẹ fẹ́ gan síbẹ̀ ni?"

"Lọ́jọ́ tí ọdún márùn-ún bá pé, tí wọ́n fi Bíbélì lé mi lọ́wọ́ kí n búra, pé ṣé orí ilẹ̀ mi ni mò ń sùn, kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló rí yín?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣebí ìwọ lẹlẹ́rìí mi."

"Ẹlẹ́rìí tó ń gbọ́ bí eyín yín ṣe ń gbá ara wọn."

Guro ò dìde. Òtútù jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, Marit ló fi ọ̀bẹ gé wọn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké lóòótọ́, àmọ́ ìka ẹsẹ̀ kì í ṣe àáké. Mo sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, èmi aládùúgbò wọn àti Marit jẹ́rìí fún un nílùú. Akọ̀wé ilẹ̀ bi í nípa àlìkámà, ó bi í bóyá ilé ní fèrèsé, ló bá ń wá òǹtẹ̀.

Guro ò kúrò níwájú ẹ̀. "Ẹ ò ní bi mí nípa bẹ́ẹ̀dì?"

"Bẹ́ẹ̀dì wo, ìyá?" Ó lu òǹtẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Marit rẹ́rìn-ín lọ́nà títí ó fi ń sunkún. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn ń bí mi nínú.

"Ká ní wọ́n bi mí ni," Guro wí, "ohùn mi kì bá tí gbọ̀n."

Bí a ṣe dé ilé wọn, ó wọ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ síbi ààrò, ó bọ́ bàtà, ó sì sùn lọ́sàn-án gangan.