Òfin Òkèèrè Kò Gba Nenita Sílẹ̀

Bí obìnrin Manila níbí bá fẹ́ ará Japan, tí ọkùnrin náà sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, adájọ́ wa kì í gbà pé obìnrin náà ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, àfi bí wọ́n bá gbé òfin Japan síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Purita Macaraeg ń ṣe fún àwọn lọ́yà nìyẹn. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, ó ń wá òfin Japan, Korea àti Germany, ó ń gbé wọn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló tipasẹ̀ rẹ̀ tún ilé ayé wọn ṣe.

Nenita, àbúrò rẹ̀, kò fẹ́ ọkọ ilẹ̀ òkèèrè. Rodel ló fẹ́, ọmọ ilẹ̀ wa bíi tirẹ̀, òfin wa kò sì mọ ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ọmọ ilẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Nenita dé ilé Purita, apá rẹ̀ wú gidigidi.

“Mo ṣubú ni o.”

“Nenita, èmi lo fẹ́ tàn jẹ?”

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tú ìyàwó oníyàwó sílẹ̀, ẹ tú èmi náà.”

“Ká ní ará Korea lo fẹ́ ni…”

Nenita bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún. “Ẹ ò sì tètè sọ! Ǹ bá ti lọ dúró de ọkọ ní pápákọ̀ òfuurufú.”

Purita kò jẹ́ kó padà. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, pé kí adájọ́ kéde pé ìgbéyàwó náà kò fìdí múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rodel wọ ẹ̀wù funfun wá, ó ń sunkún bí ọmọdé. Adájọ́ ní ọkọ burúkú, ọkọ náà ni, ìgbéyàwó dúró.

Ara Purita kò gba oúnjẹ mọ́. Nenita ló ń pẹ̀tù sí i nínú: “Ẹ jẹun jàre. Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni mo wà.”

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń rán aṣọ fèrèsé tà, títí òjò ọdún kan fi gbé ibà ẹ̀fọn dé. Ibà náà kò fún wọn láyè rárá, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti pa Nenita. Ẹsẹ̀ sàréè ìyá wọn ni Nenita ti ní kí wọ́n sin òun sí.

Ṣùgbọ́n Rodel gbé ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí. “Ìyàwó mi ni. Abúlé wa ni mò ń gbé e lọ.”

Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú yíjú sí Purita. “Mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ òfin. Ta ni kí n gbé e fún?”

Purita wá irọ́ kan, kò rí i.

“Ọkọ rẹ̀ ni,” ló wí.

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n wa,” ni Rodel dáhùn.

Purita bá wọn wọkọ̀ lọ sí abúlé Rodel ní Nueva Ecija, ó dúró nídìí sàréè láàárín ẹni tí kò mọ̀ rí. Orúkọ Rodel ni wọ́n fi parí orúkọ Nenita lórí àgbélébùú. Purita kà á, ó tún un kà. Ìyá Rodel fà á lápá jẹ́jẹ́, ó ní kó wá jẹun, pé ọ̀nà jìn.