Ọ̀rọ̀ Gígùn Lórí Ìlà Kan

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sanra dáadáa. Atẹ̀wé ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń kùn. Àṣìkọ ò lè sá pa mọ́ fún ojú rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé káàdì ìgbéyàwó lé e lọ́wọ́, kó tó kí i tán ló ti rí àmì tó ṣubú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì nìyàwó rẹ̀, níléewòsàn àwọn ọmọdé. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Owú ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí olówó kan tó ni ín. Ẹni tó bá wù, níbikíbi láyé, lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì mú àtúnṣe wá. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í ṣàdédé wọlé o. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó bi ọ́ léèrè títí ohun tí o ṣe á fi gún régé, kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó gbà á wọlé. Nọ́ọ̀sì wá rí i lọ́jọ́ kan pé ètò náà ń ka ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí oṣù mọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìlà kan péré nínú ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló fà á. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù ló yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀wé sí i pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú yín mú gan-an ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ rí yìí. Bí kò bá ni yín lára, mo ní ìbéèrè kan…” Ọ̀rọ̀ náà ń lọ ṣáá. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń kà á. Atẹ̀wé jókòó sórí àga tirẹ̀ lápá ọ̀hún, ó rí ẹ̀rín yẹn, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà ò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nítorí pé gbangba ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà, kíá ló lọ kà á. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló kà á. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìyá àgbà tó ń bá a di ìwé ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ìlà kan, Màmá! Ìlà kan péré, ọkùnrin wá kọ ìwàásù lé e lórí! ‘Ojú yín mú.’ Kí ló kàn án pẹ̀lú ojú ìyàwó mi?”

Adìwé, ìyá àgbà náà, ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́, kò gbójú sókè. “Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí i gbẹ̀yìn?”

“Inú ilé kan náà là ń gbé. Kí ni mo fẹ́ kọ?”

“Ẹn-hẹ́n,” Adìwé dáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ìdáhùn yẹn kì í wo òjòwú sàn. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń mú àtúnṣe kéékèèké lọ, tí Sùúrù ń dúpẹ́, tí Sùúrù ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni inú ọkọ rẹ̀ ń ru. Ìgbà tó yá, Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wò. Àfi bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, tí kò tíì bọ́ bàtà, tó ní wọ́n fẹ́ fún òun ní kọ́kọ́rọ́, pé òun náà á máa gba iṣẹ́ wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó lẹ́nu ọ̀nà.

“Mi ò fẹ́,” Atẹ̀wé wí. “Ìwọ àti Sùúrù yẹn, ó tó gẹ́ẹ́. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.”

“Ọkọ mi, ẹni tí mi ò rí rí?”

“Èmi tí o ń rí ńkọ́?”

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún fẹ́ sọ ọ́, ọkọ tún já a gbà. Ó wá bọ́ bàtà rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n rò ó di Sọ́ńdè,” ló wí.

Ẹ wá wo ohun tí àgbàlagbà ọkùnrin lọ ṣe! Ó fi orúkọ èké wọ ibi tí wọ́n ti ń tún ètò náà ṣe, ó pe ara rẹ̀ ní Àlejò. Ó wá inú ètò náà kiri títí ó fi rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì kọ, ó tún un kọ, ó fi ránṣẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí Sùúrù bá dá òun tí í ṣe ọkùnrin lóhùn ṣókí, a jẹ́ pé ìyàwó òun nìkan ló ń da oyin ọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀rí sì ti dé ọwọ́ nìyẹn.

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni èsì dé. Òun jókòó sórí àga pẹ̀lú fóònù, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó ṣí i. Kì í ṣe Sùúrù ló kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú yín mú gan-an ni. Bí kò bá ni yín lára, mo ní ìbéèrè kan.”

Háà! Ọ̀rọ̀ kan náà! Ọkùnrin náà wá lọ ka òfin wọn, èyí tó yẹ kó ti kọ́kọ́ kà. Ó wà níbẹ̀ kedere: iṣẹ́ kékeré kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kọ́kọ́ kí ẹni tó mú un wá, kó sọ ohun tó ṣe dáadáa, kó béèrè dípò kó pàṣẹ, kó má bá a ṣe é, kó má sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi parí. Kò sì gbọdọ̀ yẹ iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ wò. Sùúrù ò da oyin ọ̀rọ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyẹn.

Ó yẹ kó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín kó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà, owú tún gbé e! Ta ni obìnrin yìí ń rẹ́rìn-ín sí? Àlejò ni. Ta ni Àlejò? Òun náà ni! Ẹ ò rí i pé ayé ọkùnrin yìí ti dàrú.

Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yẹn tún wà níbòmíràn. Ọkọ wá a, ó rí i níbi méjì mìíràn, ó tún wọn ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé padà: “Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ dópin.”

Èyí dùn ún wọ egungun. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, èsì mìíràn sì wọlé: “Mo ti fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ yín ni mo fi kádìí tèmi níbí. Mo ti kọ̀wé sí gbogbo wa pé mi ò gba kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Wọn ò fẹ́ ẹ nílé mi. Ó dàbọ̀ o.”

“Dúró!” Atẹ̀wé ti fò dìde. “Dúró ná! Èmi ni Àlejò!”

Nọ́ọ̀sì wo fóònù tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

“Ẹ wá ń ṣọ́ mi.”

“Ìyàwó mi…”

“Mo fọwọ́ sí iṣẹ́ ará ilé mi. Mi ò rú òfin wọn rí, àfi lónìí tí mò ń lọ. Ẹ̀yin lẹ sì sọ mí di bẹ́ẹ̀.” Omi ti lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè.

“Má bínú. Jọ̀ọ́. Kọ̀wé sí wọn pé o ti yí ọkàn padà.”

“Ẹyin lohùn, ọkọ mi. Èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ. Ẹ fúnra yín kọ ọ́, lórúkọ yín, níbi tí gbogbo wọn á ti kà á.”

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ó kọ ọ́ pé: “Àṣìlóye kékeré kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa.” Ó yí i sí ìyàwó rẹ̀ kó kà á.

Nọ́ọ̀sì kà á. “Ta ló ṣì í lóye?”

Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé: “Èmi ni ọkọ rẹ̀. Owú ni mo jẹ, mo sì fi orúkọ èké wọlé wá ṣọ́ ọ. Kò ṣẹ̀ yín, kò ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì kà á, ó tún un kà.

“Ẹ fi ránṣẹ́,” ló wí.