Ibi Tó Dojú Kọ Ẹnu Ọ̀nà

Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gòkè. Kò yára. Àtàǹpàkò fara kan etí pẹpẹ, ó wá orí ìṣó kan tó yọ síta díẹ̀, ó dúró lé e. Lẹ́yìn náà ni ìka méjì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sápá ọ̀tún, bí èèrà tó mọ ọ̀nà ilé. Ìwé kan. Òmíràn. Òmíràn. Wọ́n dúró. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìwé náà dún fẹ́rẹ́. Ó fà á yọ pẹ̀lẹ́, ó fi etí ẹ̀wù nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e kan iwájú orí, ó ní "Bísímílà," ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí oníbàárà.

Ní gbogbo àsìkò yìí, kò wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí.

Ọ̀wọ̀ ni, làwọn oníbàárà ń wí. Ẹ wo bí Bàbá Oníwèé ṣe ń gbé Kùránì. Kì í tilẹ̀ tẹjú mọ́ ọn.

Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Àbdùlkàdírì kò ríran mọ́.

Ó ṣì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Bí ẹnìkan bá dí ẹnu ọ̀nà, ó mọ̀. Ìyókù ti di èéfín. Dókítà tó yẹ ojú náà wò ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà, pé èyí tó kù ni kí wọ́n máa tọ́jú. Ó ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Ó ń kán an láràárọ̀. Èyí tó kù náà lọ. Díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí epo ṣe ń tán nínú àtùpà.

Màríámù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìwé náà wà ní Challenge, ní Ìlọrin, láàárín ayàfọ́tò kan àti ẹni tó ń ta bátìrì ọkọ̀. Àlhájì Àúdù ló ni ín. Nígbà tó ṣí i, Àbdùlkàdírì ló to gbogbo ìwé inú rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ kéú ṣe máa ń to tirẹ̀ ní Gàmbàrí. Kùránì lókè pátápátá, níbi tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kí ìwé kankan má gùn ún. Hàdíìsì lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé òfin ẹ̀sìn. Gírámà Lárúbáwá. Ìwé iléèwé lápá òsì: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìṣòwò, ìwé àwọn tó ń kọ́ táípù. Ìwé iná mànàmáná àti ìwé àwọn tó ń tún rédíò ṣe wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀, níbi téèyàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i.

Ojú ti lọ. Ètò yìí ló kù. Ó wà ní ìka rẹ̀, ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sún nǹkan kan, ó ń ta ìwé. Bí wọ́n bá sún un, iṣẹ́ bọ́.

*

Lọ́dún 1998, páálí kan dé láti Èkó.

Munirah ló ní kí wọ́n kó o wá. Ọmọ Àlhájì ni. Ó ti parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Poli, kò ríṣẹ́, bàbá rẹ̀ ní kó máa bá wọn gba owó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó la páálí náà, inú rẹ̀ ń dùn. Àbdùlkàdírì na ọwọ́, ó gba ìwé kan.

"Ó wúwo. Ó tó Kùránì. Ìwé kí ni?"

"Ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èèyàn á jókòó síbí kọ ọ́, ará Amẹ́ríkà á jókòó sílé rẹ̀ kà á."

"Ta ló ti rí i rí ní Ìlọrin?"

"Èmi ti rí i. Ní Èkó. Lẹ́ẹ̀kan."

"Lẹ́ẹ̀kan!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "O rí i lẹ́ẹ̀kan, o wá kó odindi páálí bọ̀. Tó o bá rí i lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?"

Munirah náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Níbo ká tò ó sí?"

Ìbéèrè kékeré. Fún ẹni tó ń ríran.

"Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rédíò. Àyè ṣófo níbẹ̀."

"Bàbá, èyí kì í ṣe ti rédíò. Kò ní wáyà, kò ní nǹkan tí wọ́n ń jó mọ́ra. Kíkọ ni. Bí ìgbà téèyàn ń kọ ìwé ni."

"Bó bá jẹ́ kíkọ ni, kó o ti àwọn tó ń kọ́ táípù."

"Àwọn akọ̀wé? Ha, Bàbá! Kí wọ́n fi ṣe kí ni?"

"Ìṣirò ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ti kún. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ń wá a ò ní wá a síbẹ̀. Ó yẹ kó ní àyè tirẹ̀. Níwájú. Kéèyàn máa wọlé báyìí, kó rí i."

"Iwájú ní ẹni tó ni ín."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Munirah gbé páálí náà lọ sẹ́yìn. Ó fi ọ̀rá wé ìwé kọ̀ọ̀kan kí eruku má bà á jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ìwé tó bá níye lórí. Kùránì náà, ọ̀rá kan náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tò wọ́n sílẹ̀. Àbdùlkàdírì gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó mọ̀ pé ọmọ náà ló sọ òótọ́.

*

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wo ọ̀dọ̀ ìṣirò, wọ́n á wo ọ̀dọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n á jáde. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀. Al-Ameen nìkan ló bẹ̀rẹ̀, ọmọ Yunifásítì kan tó gùn bí ọ̀pá agbókùn, tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa níbẹ̀. Ó yọ ọ̀kan jáde, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀.

"Bàbá Oníwèé! Ẹ wá fi ìwé tuntun sábẹ́ ìwé rédíò àtijọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbó kó tó dé ọwọ́ wa ni?"

"Ṣebí o rí i."

"Mo rí i torí pé biro mi bọ́ sílẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ biro."

Munirah rẹ́rìn-ín títí. Àbdùlkàdírì náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀.

Al-Ameen kò ní kọ̀ǹpútà. Kò mọ ẹni tó ní. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ló ń da gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà kọ sí, pẹ̀lú biro, lábẹ́ igi, bí ọmọ kéú ṣe ń kọ sára wàláà. Ó ń kọ́ ohun tí kò tíì fojú rí. Nígbà tí Munirah ròyìn èyí, Àbdùlkàdírì jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka méjì lára.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Màríámù ti ọjà Ìpàtà dé, ó bá a nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò tíì bọ́ fìlà.

"Sọ fún Àlhájì," Màríámù wí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

"Kí n ní kí ni? Pé afọ́jú ló ń bá a ta ìwé?"

"Ó ṣáà máa mọ̀ lọ́jọ́ kan."

"Kó jẹ́ ọjọ́ náà nígbà yẹn."

"Tó bá wá jẹ́ níṣojú èèyàn ńkọ́, Bàbá Àdìsá?"

Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀. Ilé ni yóò wà bí kò bá sí i. Ilé, láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n máa mú un lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí.

*

Lọ́yẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò bàbá rẹ̀ kan kú ní abúlé oko wọn. Ó lọ fún ìsìnkú, ó dúró di ọjọ́ àdúrà fídáù. Ọjọ́ mẹ́jọ.

Munirah pe káfíńtà.

Kò fi ṣe ìwà àfojúdi. Ó ti rò ó dáadáa. Ó ní kí wọ́n kan pẹpẹ tuntun sókè, ó sì gbé gbogbo Kùránì lé e. Wọ́n tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; lójú tirẹ̀, ọ̀wọ̀ ló fi kún ọ̀wọ̀. Orí pẹpẹ tí Kùránì fi sílẹ̀ ló wá to ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì sí. Níbi tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ ní títì pàápàá á rí i.

Ó múra ohun tó máa sọ sílẹ̀. *Bàbá, mo gbé Kùránì gòkè sí i ni o.* Bó bá ti wọlé tó bá ní kí lèyí, ó máa sọ ọ́.

Àbdùlkàdírì dé. Ó sálámà. Ó fi fìlà kọ́ èèkàn rẹ̀. Ó kọjá níwájú pẹpẹ tuntun, ó jókòó, ó béèrè bóyá wọ́n ti gbálẹ̀.

Kò sọ nǹkan míì.

Munirah dúró. Ohun tó ga tó yẹn, tó funfun tó yẹn, tó ṣì ń rùn bí igi tútù. Inú ń bí i ni, Munirah rò. Inú ń bí i débi pé kò fẹ́ dárúkọ ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ nílé pé kó má fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà tó bá ń bínú. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó ti tábìlì, ó ń gé ọ̀rá.

Àbdùlkàdírì gbọ́ òórùn igi. Ó rò pé ọ̀dọ̀ ayàfọ́tò ni, níbi tí wọ́n ti ń kan férémù àwòrán.

Ẹnìkan dí ẹnu ọ̀nà. Àbdùlkàdírì mọ ohùn náà kó tó parí sálámà: Àáfà Sàlíhù. Wọ́n jọ jókòó kọ́ kéú lọ́mọdé ní Gàmbàrí. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ báyìí.

"Kàdírì, o ò tíì kú?"

"Kí n kú, ta ni yóò wá máa gba ọ̀rọ̀ játijàti lẹ́nu rẹ?"

"Alùbáríkà ni o. Salimat ọmọ mi ti ka Kùránì parí, ó fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Gbé Kùránì kan wá fún mi, èyí tó tóbi, tí lẹ́tà rẹ̀ là dáadáa. Ojú wa kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́."

"Ojú ta ló wá jẹ́ ti àtijọ́?" Àbdùlkàdírì rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

Ọwọ́ ọ̀tún gòkè. Àtàǹpàkò wá ìṣó, ó rí i. Ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Ìka méjì rìn. Ìwé kan. Òmíràn. Òmíràn. Ọ̀rá dún.

Munirah gbójú sókè. Ó la ẹnu.

Ó ti pẹ́ jù. Àbdùlkàdírì ti fi etí ẹ̀wù nu ìwé náà. Ó ti gbé e kan iwájú orí. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí Salimat, nítorí wòlímọ̀. "Bísímílà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án síta.

Àáfà Sàlíhù kò gbà á.

Àwòrán obìnrin òyìnbó kan wà lẹ́yìn ìwé náà. Kò borí. Apá rẹ̀ wà níta. Ó ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà kan.

"Kí lo gbé fún mi?"

"Kùránì ni. Èyí tó tóbi."

"Àùsùbílláhì."

Munirah ti dé ibẹ̀. "Ẹ má bínú, Àáfà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Èmi ni mo sún un."

"Ṣé ìwọ náà lo gbé e lé e níwájú orí?"

Ọkọ̀ kan ń fọn fèrè níta. Àáfà Sàlíhù sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ju ọwọ́ náà kọjá níwájú ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ìpéǹpéjú kò ṣẹ́.

Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kàdírì. Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí orí síbi tí ẹ̀mí Munirah ti ń dún.

"Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

"Bàbá..."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Òyìnbó kan ni. Obìnrin. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ó ń rẹ́rìn-ín." Ó fi ọwọ́ ẹ̀wù nu iwájú orí rẹ̀. Ó tún un nù.

Munirah ti ń sunkún. "Màá kó gbogbo ẹ̀ padà. Lónìí náà. Màá tò ó bó ṣe wà gan-an, Bàbá, mi ò ní sọ fún Àlhájì."

Àbdùlkàdírì fi àtàǹpàkò pa etí ìwé náà.

"Látìgbà tó ti wà níwájú, ṣé wọ́n ń rà á?"

Munirah nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ń rà á. Al-Ameen kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Munirah gun àpótí, ó gbé Kùránì sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ tuntun. Àáfà Sàlíhù gbà á, kò wò ó. Àbdùlkàdírì na ọwọ́ sí èèkàn fìlà rẹ̀. Fìlà wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni wọn kò sún. Ó dé e. Àáfà Sàlíhù mú un lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, wọ́n dúró létí títì de ọkọ̀ Gàmbàrí.

Àlhájì Àúdù gbọ́, ó wá kí i nílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un. Kò ní kó padà, Àbdùlkàdírì kò sì béèrè.

Munirah ló ń ta ìwé ní Challenge báyìí. Ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì wà lórí pẹpẹ tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Àbdùlkàdírì wà nílé.