Bàbá Aláago Kì Í Gbé Fóònù Rìn

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Aláago ládùúgbò, ọ̀rọ̀ fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló rà á fún un. Ẹ̀rù ń bà á pé bàbá òun, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ń dá mú ajá rìn kiri nírọ̀lẹ́.

"Bàbá mi, ẹ ò gbọdọ̀ fi í sílé o. Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

Bàbá ní òun ò ní fi í sílé láé. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì pè é láti ibi iṣẹ́, ohùn ọkùnrin mìíràn ló dáhùn.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Èmi onígbàjámọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá máa ń gbé e sí bí wọ́n bá ń kọjá. Wọ́n ní ẹ ti kìlọ̀ pé àwọn ò gbọdọ̀ fi í sílé."

"Àwọn fúnra wọn wá dà?"

"Wọ́n wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo ajá. Wọ́n ní bí ẹ bá pè, kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì ṣubú."

Ogójì ọdún ni Bàbá fi tún aago ṣe. Ó ní òun ti tẹjú mọ́ nǹkan kéékèèké tó, ó kù kí òun gbójú sókè. Ajá rẹ̀ pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan nàró, èkejì dorí kodò. Kòkànyín ló sọ ọ́, kó lè rí nǹkan fi dá olófòófó lóhùn. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ń dun ajá náà, Bàbá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

"Bàbá, kí lorúkọ ajá yín?"

"Kòkànyín."

"Ẹ dákun, sà, mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ni."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kòkànyín."

Dókítà mí kanlẹ̀, ó gbé bírò. Ohun tó wà nínú ìwé náà títí di òní ni: "Bàbá kọ̀, wọn ò sọ."

Ìrọ̀lẹ́ kan, akọ̀wé kan ń bọ̀ níwájú Bàbá àti ajá rẹ̀, ó ń tẹ fóònù, ó sì forí sọ òpó iná gbàù. Bàbá gbé e dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Ó ní, "Ẹ má bínú sí i. Òpó yẹn ni kò wo iwájú."

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní òun á bá wọn rìn lọ́jọ́ ìsinmi òun. Bàbá ní kó fi fóònù sílé. Nọ́ọ̀sì ní òun ti gbọ́, ó rọra kì í bọ àpò. Kò mọ̀ pé Bàbá ti kọ́ Kòkànyín: bó bá ti gbọ́ ìró fóònù, kó fìdí kalẹ̀, torí ẹni tó ń dáhùn ìpè kò rìn mọ́. Fóònù dún, ajá jókòó. Ó dákẹ́, ajá dìde. Ìgbà méje ni ajá jókòó kí wọ́n tó dé ìta ilé kẹta, kí nọ́ọ̀sì tó fi ìtìjú pa fóònù náà.

Wọ́n wá rìn dáadáa. Níwájú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà, Bàbá dúró.

"Ibí yìí ni ìyá rẹ ti sọ fún mi pé òun lóyún rẹ. Wẹ́rẹ́ báyìí ló sọ ọ́, bíi pé ó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ká ní mò ń tẹ nǹkan lọ́wọ́, ǹ bá kàn ní 'ẹ̀n-ẹ̀n', kí n sì máa lọ."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá sùn, kò jí mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń mú ajá náà jáde báyìí. Lánàá, ó pẹ́ kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ sì ti gbé oúnjẹ kalẹ̀.

"Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Kí lo rí lójú ọ̀nà?"

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Oúnjẹ tutù kó tó sọ ọ́ tán.