Mọ́tò tí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Fọwọ́ Tò

Títí di òní, bí mọ́tò bá bú ramúramù ní Torino ní Ítálì, àyà mi a já, mà á sì rántí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Bí wọ́n bá ti fákítìrì dé, ó di garáàjì. Mọ́tò àtijọ́ kan ni wọ́n ń tún tò níbẹ̀; wọ́n ti gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i. Wọn a gbé irin gígùn lé ẹ́ńjìnnì, wọn a fi ìdí rẹ̀ sétí. "Ẹ dákẹ́, ó ń sọ̀rọ̀." Bí mo bá ní ká gbé e jáde, wọn a ní, "Mọ́tò tí kò mọ ìdúró, kò gbọdọ̀ mọ ìrìn."

Ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n mi, torí iwájú garáàjì dà gẹ̀rẹ́ lọ sí títì tí tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ń gbà. "Bàbá Ìbejì, ẹ má sọ mí dopó o!"

Lọ́jọ́ tí a gbé e jáde, èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Kí a tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, wọ́n tẹ bíréèkì wò. Kò mú. Mọ́tò ń yọ́ lọ, mo ń gbọ́ aago tram nísàlẹ̀. Wọ́n yí i sí ògiri. Gbàà!

Nígbà tí wọ́n tú táyà, òróró ló ń kán lára bíréèkì. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Láàárọ̀, kí ọkọ wọn tó de táyà, ni ẹ̀gbọ́n mi ti ta òróró àdúrà sínú bíréèkì, kí mọ́tò má baà pa ọkọ wọn.

Mo rò pé ọkọ wọn yóò jágbe. Fìlà ni wọ́n ṣí. "Ìyá Ìbejì, orí mi ni kí o máa ta á sí. Bíréèkì kì í gba òróró."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ìgò òróró àdúrà dà lé wọn lórí débi pé ó ṣàn gba ojú ọkọ wọn dé àyà.