Oògùn Tí Màmá Là sí Méjì

Nílé wa ní Igbó-Ọrà, ẹnikẹ́ni kì í ra ẹyọ nǹkan kan wọlé fún ìbejì. Ìbejì ni èmi àti ìkejì mi. Bí aránṣọ bá rán ṣòkòtò fún ọ̀kan, kò gbọdọ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ títí ti èkejì yóò fi jáde. Bí ìkejì mi bá ṣe àìdáa tí Màmá nà án, èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́ náà á gba ẹgba tèmi, kó má baà dà bí ẹni pé wọ́n yọ mí sílẹ̀. A dàgbà, a láya, a bímọ, Màmá kò yí padà. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń ṣiṣẹ́ orúkọ náà tọkàntọkàn.

Ìgbà ìjọba ṣọ́jà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìkejì mi. Dókítà kan ní ọsibítù ní Èrúwà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fún un ní oògùn oníhóró, ẹyọ kan láràárọ̀, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn lára rẹ̀. Ẹ̀rù ba Màmá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló gbé bàbá wa ṣubú lóko, tí apá kan ara rẹ̀ kú, tí kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbé hóró oògùn lé orí pátákó tó fi ń rẹ́ ilá, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ó fún ìkejì mi ní àbọ̀, ó na àbọ̀ kejì sí mi.

"Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn," ni ìkejì mi wí.

"Ta ni ẹlòmíràn? Ẹni tí ẹ jọ sùn nínú ikùn mi?"

Kó tó na ọwọ́ tán, mo ti lanu sílẹ̀. Akọni ni mí tó bá di ọ̀rọ̀ paramọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá wa ti ṣubú, bí ẹsẹ̀ mi bá kàn kú lórí àga báyìí, màá ti máa wo ẹni tí màá fi oko sílẹ̀ fún. Mo gbé àbọ̀ tèmi mì, mo sì ń ṣọ́ ti ìkejì mi bóyá ó tóbi jù.

Kò pẹ́ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Mo wà lóko lọ́nà Lánlátẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀, mò ń tu ẹ̀gẹ́. Bí mo ṣe nàró, gbogbo igi ń yí. Mo di igi ẹ̀gẹ́ kan mú, òun náà fà tu, a jọ wó lulẹ̀. Níbi tí mo nà sí, mo ti pín ewúrẹ́ mi fún àwọn ọmọ tán kí n tó rí i pé mi ò tíì kú. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú mi nìyẹn. Mo bẹ Màmá pé kó máa fún mi ní odindi.

"Odindi kẹ̀? Kí ni ìkejì rẹ yóò lò?" ó ní. "Bákan náà ni mo bí yín."

Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà dá pé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wọkọ̀ lọ sí Èrúwà. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ìkejì mi, ojú rẹ̀ le. Kò tíì wálẹ̀. Ó ní tó bá ń lọ báyìí, ọkùnrin yìí lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé àyà. Dókítà mú bíírò kó kọ oògùn tó lágbára jù ú lọ, ó wá dúró.

"Ṣé ẹ ń lo ti tẹ́lẹ̀ déédéé?"

"Mò ń lò ó, sà."

Màmá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Àwọn méjèèjì ń lò ó, dókítà. Mi ò jẹ́ kó yẹ̀ rí."

Dókítà gbé bíírò sílẹ̀. Ó wo ìkejì mi, ó wo èmi tí mo jókòó bí àwòrán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá ṣàlàyé ọ̀bẹ àti pátákó fún un, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tó tọ́mọ dáadáa. Ni ọkùnrin náà bá ní kí n ká apá aṣọ mi sókè. Ó de rọ́bà mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo dijú, mò ń retí ìdájọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ tiyín ò ru rárá," ó ní. "Ó ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn ẹni ẹlẹ́ni ló ń kọ́ yín lóòyì."

Ó yíjú sí Màmá. Ó ní àbọ̀ kò tó ẹni tó ń ṣàìsàn, ó sì pọ̀ jù fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ní ká ní òun ti kọ èyí tó lágbára, tí èmi wá lọ sí Ayétẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ìkejì mi gbé odindi mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì ṣubú.

"Màmá, bí òrùlé ọmọ yín kan bá ń jò, ṣé ẹ ó lọ kan páànù mọ́ ti èkejì?"

"N ó kan méjèèjì," ni Màmá dáhùn.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá ń fún ọ̀kan, kí ni n ó máa fún èkejì? Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ sọ ọ́."

"Ẹ fún un ní ohunkóhun tí kì í ṣe oògùn."

Ó wá sọ fún mi pé kí èmi náà máa wá wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó mú bàbá àti ìkejì ẹni kì í jìnnà síni. Màmá wò mí bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìkejì mi ń gba odindi hóró, èmi ń gba ègé àgbọn. Òòyì mi lọ. Nígbà tí a padà dé Èrúwà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa. Dókítà ní kó máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀, kó má torí pé ara yá dá a dúró. Màmá kọrin nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkejì mi gbé oògùn rẹ̀ mì, ó fajú ro, ó ń wo ẹnu mi.

"Tèmi korò," ó ní. "Tiẹ̀ dùn. Ṣé bákan náà lẹ bí wa báyìí, Màmá?"

Màmá gba àgbọn náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí pátákó ilá, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì.