Ibi Tí Àpò Iyanrìn Balẹ̀ Sí

Gbà! Bí móńgòrò ṣe máa ń jábọ́ sórí páànù ilé wọn ní Arakale, l'Ákùúrẹ́, nìyẹn. Monílọ́lá kò tíì lè so okùn bàtà rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n á sáré jáde lọ wo ibi tí èso náà yí sí. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ọmọ yìí, ṣé móńgòrò lo fẹ́ jẹ ni, àbí o fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò?"

Ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ó fi di olùkọ́ físíìsì nílùú Oǹdó. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àwọn ọmọ tó yan físíìsì kò kún bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n ní ó le, kò sì kan ayé àwọn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé, ránṣẹ́ pè é.

"Mísìs, bí bẹ́ǹṣì mẹ́ta ò bá kún lọ́jọ́ Ẹtì, a ó pa físíìsì tì. Ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìṣirò."

"Mo gbọ́, sà."

Ó ń rìn lọ lójú títì bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń bọ̀ láti Bọ́lọ́rundúró. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í dúró. Awakọ̀ á kàn dín eré kù, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì ju ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ gan-an níwájú ilé ẹni tó ni ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sí gọ́tà.

"Ṣé ọwọ́ ẹ rọ ni?" obìnrin kan lọgun.

Monílọ́lá dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó bẹ Stephen, awakọ̀ tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́, pé kó wa ọkọ̀ wọ pápá. Ó fi eérú fa ìlà sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé àpò iyanrìn kan sẹ́yìn ọkọ̀. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tú síta.

"Jíbọ́lá tó máa ń já ẹrù fún Stephen á dúró lẹ́yìn ọkọ̀," ó ní. "Kò ní jù ú o. Bó bá dé orí ìlà, á kàn tú ọwọ́ sílẹ̀ ni. Níbo ni àpò iyanrìn yìí máa balẹ̀ sí? Kí kálukú lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó rò pé ó máa balẹ̀ sí."

Ọ̀pọ̀ wọn rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà. Àwọn kan dúró sẹ́yìn, wọ́n ní ọkọ̀ á sá fi àpò sílẹ̀. Ọ̀gá pàápàá rọra lọ dúró síbi ìlà. Monílọ́lá rìn kọjá gbogbo wọn, ó dá dúró níwájú.

"Anti, ṣé ilé lẹ ń lọ ni?" Goodness ló pariwo, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Pápá bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ ń bọ̀, eruku ń sọ. Jíbọ́lá tú ọwọ́. Àpò kọjá ìlà, ó kọjá ọ̀gá, ó bọ́ lulẹ̀ lẹ́bàá Monílọ́lá.

Goodness kò gbà. "Atẹ́gùn ló gbé e, mà! Ẹ wo bí igi ṣe ń mì."

Inú Monílọ́lá dùn; ìbéèrè gidi nìyẹn. "Stephen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọkọ̀ padà, kẹ́ ẹ kọjú sí atẹ́gùn. Goodness, gòkè. Ìwọ ni kó o mú un dání."

Goodness gbá àpò mọ́ra bí ọmọ tuntun. Orí ìlà gan-an ló ti tú u sílẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn ló ṣe. Síbẹ̀, àpò tún kọjá lọ síwájú.

"Ta ló tì í?" Monílọ́lá béèrè.

"Èmi kọ́ o! Mo kàn fi í sílẹ̀ ni!"

"Nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó dúró sójú kan?"

"Rárá... òun náà ń bá ọkọ̀ sáré." Goodness fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Eré tó ti ń sá ló ń sá lọ! Anti, ọwọ́ àwọn tó ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò rọ! Kí wọ́n tètè fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ni!"

"Ọlọ́run á bù kún ẹ," Jíbọ́lá dáhùn. "Bá mi lọ sọ fún àwọn tó ń bú mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, bẹ́ǹṣì mẹ́ta kún, àwọn ọmọ mìíràn sì ń ru tiwọn bọ̀. Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé.

"Mísìs, ẹ dójú tì mí lórí pápá yẹn o."

"Ẹ má bínú, sà. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí, èmi náà ti dúró síbẹ̀ rí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kọ́ wọn lọ."

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, Monílọ́lá nu ojú pátákó, ó gbá abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó ilẹ̀ dà nù, ó sì ti ilẹ̀kùn.